Kò Fẹ́ Jẹ Ni, àbí Kò Lè Jẹ? Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Ẹja Páfà Kan

Ọjọ́ kẹsàn-án tí Abilà, ẹja Bàbá, ti kọ oúnjẹ ni wọ́n pè mí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í pe ènìyàn lórí fóònù kí wọ́n má kọ́kọ́ béèrè ará ilé. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò béèrè ẹnikẹ́ni. "Ìyá Ẹlẹ́ja, jọ̀ọ́, wá bá mi wo ẹja yìí. Kò jẹun. Ó kàn ń wò mí ni."

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú táǹkì ẹja nínú ilé àwọn ènìyàn. Ẹja Bàbá jẹ́ páfà, ẹja tí ń wú bíi bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á. Irú tiwọn ni wọ́n ń pè ní fahaka, Tetraodon lineatus nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ẹja odò wa ni: ó wà nínú Odò Ọya, ó wà nínú odò Volta, ó wà nínú odò Senegal, ó sì wà nínú odò Náílì. Ẹni tó tà á fún Bàbá sọ pé apá Lọ́kọ́ja ni àwọn apẹja ti mú un. Bó bá dàgbà tán, ó lè gùn ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ti Bàbá ò tíì ju nǹkan bí 20 lọ. Òun nìkan ló ń gbé inú táǹkì olómi 350 lítà, torí fahaka kì í gba alábàágbé. Ìyẹ́ ẹni tí wọ́n bá fi tì í ni yóò kọ́kọ́ gé jẹ. Ìlà gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìdí ìrù ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Abilà.

Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ikùn tó máa ń yọ róbótó ti wọlé, débi pé bí mo ṣe ń wò ó láti òkè, orí ló fẹ̀ ju ara lọ. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, ìlà náà ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Ó ká ìrù mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó sùn sí ìdí òkúta kan. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí. Ẹni tó bá ti tọ́jú páfà rí mọ ohun tí Bàbá ń sọ pé ó ń wo àwọn: ojú méjèèjì máa ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì máa ń tẹ̀ lé ènìyàn kiri inú yàrá.

Ilé ti gbìyànjú kí n tó dé. Wọ́n ti fi ẹran ẹja rọ́pò edé, wọ́n ti gbé ẹ̀dọ̀ màlúù wá. Wọ́n ti da omi táǹkì nù pátápátá, wọ́n rọ omi ẹ̀rọ tuntun sí i. Wọ́n ti fọ fíltà, ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi táǹkì, mọ́ tónítóní lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ìgò oògùn kan sì wà lórí ìdérí táǹkì tí ọmọ Bàbá rà wá; ẹni tó tà á ní kò sí àìsàn ẹja tí kò lè wò. Bàbá ò tíì lò ó, nítorí pé awò ojú wọn wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, wọn ò sì lè ka iye tó yẹ kí wọ́n dà. Mo ka ara ìgò náà. Bàbà ni wọ́n fi ṣe oògùn náà, irú èyí tó ń bẹ nínú wáyà iná. Páfà ò ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja mìíràn, oògùn oníbàbà sì tètè máa ń pa á, pàápàá èyí tí ara rẹ̀ ti rọ báyìí. Mo gbé ìgò náà sínú báàgì mi, mi ò sì dá a padà.

Mo yẹ omi wò. Amóníà, májèlé tó ń ti inú ìdọ̀tí ẹja wá, jẹ́ 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ òdo ló yẹ kó jẹ́. Ó yé mi kíá bó ṣe ṣẹlẹ̀. Inú kànrìnkàn fíltà ni àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń jẹ ìdọ̀tí ẹja ń gbé. Kílórínì inú omi ẹ̀rọ ti pa wọ́n nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́. Àìsí iná ti pa púpọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù, nítorí bí fíltà bá dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan, afẹ́fẹ́ inú omi tó dúró sójú kan á tán, àwọn náà á sì kú. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní mo ti rí ìdí rẹ̀.

Mo yọ omi ìdá méjì nínú márùn-ún, mo fi èyí tí a ti pa kílórínì inú rẹ̀ rọ́pò. Mo kó kànrìnkàn tí àwọn kòkòrò yẹn ti pọ̀ nínú rẹ̀ wá láti inú táǹkì mi, mo fi í sínú fíltà Bàbá. Ojoojúmọ́ ni ilé ń pààrọ̀ omi díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, amóníà ti di òdo. Ìlà ara Abilà padà tàn, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, ó sì ń sáré wá síwájú gíláàsì bí Bàbá bá wọlé.

Kò sì jẹun.

Níbí ni mo ti ṣìṣe, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dúró wò ó pẹ̀lú mi. Omi náà bàjẹ́ lóòótọ́, àtúnṣe tí mo ṣe sì dára. Àmọ́ mi ò béèrè èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì. Nígbà tí mo wá béèrè, Bàbá ronú díẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ karùn-ún tí Abilà ò ti jẹun ni wọ́n tó fọ fíltà, torí wọ́n rò pé bóyá òórùn omi ló ń lé e. Ẹja ti kọ oúnjẹ kí omi tó bàjẹ́. Edé tí ò jẹ tó ń jẹrà nísàlẹ̀, àti fíltà tí wọ́n fọ̀ nítorí rẹ̀, ni wọ́n jọ sọ omi di májèlé. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi tọ́jú ohun tí àìsàn náà bí, tí mo rò pé àìsàn náà gan-an ni.

Mo tún ṣe àṣìṣe kejì. Mo rí ìgbẹ́ funfun tó rí bí okùn lára rẹ̀, mo rántí pé odò ni wọ́n ti mú un, mo sì mọ̀ pé páfà tí wọ́n bá mú lódò kì í sábà ṣaláì ní aràn nínú. Mo lo levamisole, oògùn aràn, mílígíráàmù 2 sí lítà kan, mo pa iná táǹkì fún wákàtí 24, mo sì pààrọ̀ ìdajì omi lẹ́yìn rẹ̀. Aràn kankan ò jáde. Mi ò kábàámọ̀ pé mo lo oògùn náà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ funfun yẹn ò tó ẹ̀rí: ẹja tí kò jẹun kò ní ohun mìíràn tó máa yà ju ikun inú ìfun rẹ̀ lọ, funfun ló sì máa ń rí.

Ọmọ ọmọ Bàbá kan wà nílé náà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá ló máa ń dúró tì mí, tí kì í sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, bí mo ṣe ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́, ó ní, "Àǹtí, ó fẹ́ jẹ o."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo rí i. Láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Ó máa sáré wá, ó máa gbé e, ó máa tutọ́ ẹ̀ dànù. Ó tún máa gbé e."

Mo ní kó ṣe é kí n rí i. Ó pa eyín pọ̀ pinpin, ó wá ń fi ètè nìkan gbá afẹ́fẹ́ mú, pà, pà, pà.

Ara mi tutù. Ìgbà mélòó ni mo ti wá sílé yẹn, ọ̀sán gangan sì ni mo máa ń dé, nígbà tí páfà tí ebi ti ń dà láàmú ti rẹ̀ látàárọ̀, tó ti lọ sùn. Gbogbo àgbà ilé ń sọ fún mi pé "kò jẹun", mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. "Kò fẹ́ jẹ" ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ yìí ti rí i pé "kò lè jẹ" ni.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, mo ti dùbúlẹ̀ síwájú táǹkì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo fi fóònù ya fídíò, mo ju edé kan sílẹ̀, mo sì wá mú kí fídíò náà máa rìn jẹ́jẹ́ kí n lè wò ó dáadáa. Abilà yọ bí ọfà. Ó fi ètè kan edé, edé fò sẹ́yìn. Ó tún kàn án. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ ṣí, mo sì rí eyín: eyín òkè ti gùn, ó tẹ̀ wálẹ̀ bí àgógó odídẹ, ó bo eyín ìsàlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì ti ń gún ètè ìsàlẹ̀ débi pé ibẹ̀ pọ́n. Àlàfo tó ṣẹ́kù ò ju ibi tí igi ìṣáná lè gbà lọ.

Eyín mẹ́rin ni ìtumọ̀ Tetraodon, orúkọ tí Linnaeus sọ ọ́ ní 1758. Méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, wọ́n so pọ̀ di àgógó líle kan. Kì í dáwọ́ dúró láti máa gùn níwọ̀n ìgbà tí ẹja náà bá wà láàyè, bíi èékánná tiwa. Nínú odò, ìṣáwùrú àti alákàn ni fahaka máa ń fọ́ jẹ. Karawun wọn ló ń yún eyín náà kù bó ṣe ń gùn. Mo bi Bàbá pé irú edé wo ni wọ́n ti ń fún Abilà. Wọ́n ní láti nǹkan bí oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, edé dídì ni. Wọ́n á bó o, wọ́n á já orí rẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. "Mi ò fẹ́ kó há a lọ́fun," ni wọ́n wí.

Mo ní láti sọ fún wọn pé èèpo tí wọ́n ń bó dànù yẹn wà lára ohun tí ẹja náà nílò. Wọn ò dáhùn. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n sì ń wo ọwọ́ wọn. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbí bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà: kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Ẹni tó ta ẹja náà ló sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bó edé.

Mi ò gé eyín fahaka rí lémi nìkan. Mo bẹ dókítà ẹran kan tó máa ń tọ́jú ẹja àrọ̀ ní oko ẹja, ó gbà láti dúró tì mí. Òróró kànáfùrù la fi kùn ún lóorun. Òróró yìí ò ní pò mọ́ omi bí a bá kán an sí i lásán. Yóò léfòó, ẹja á sì lọ kó sí ibi tó ti pọ̀ jù. Mo kán an sínú ìgò kékeré olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo mì í títí ó fi funfun bí omi ògì, kí n tó dà á sínú lítà 10 omi táǹkì tí mo ti bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi táǹkì tí kò ní oògùn, a ki rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti jí.

A ò fi àwọ̀n mú un. Bí páfà bá wú níta omi, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé mì, ó sì lè má rí i tú jáde mọ́. Abọ́ ni mo fi bù ú nínú omi, tòun tomi rẹ̀. Ẹ̀kán mẹ́rin òróró ni mo kọ́kọ́ lò. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Mo fi méjì kún un, mo dúró, mo tún fi méjì sí i. Ẹ̀kán kẹjọ ló tó ó: ó dẹ̀gbẹ́, kò mira nígbà tí mo tẹ ìdí ìrù rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò tí ó fi ń mí ṣì ń ṣí, ó ń pa dé. Ibi tí a fẹ́ kó dé nìyẹn, kò gbọdọ̀ kọjá a. Òróró yìí kan náà, tó bá pọ̀ jù, ni àwọn ènìyàn fi ń pa ẹja tí kò ní ìrètí mọ́ kó má bàa jìyà. Ẹni tí kò bá lè mú ojú dúró lórí ìmí ẹja kó má dáwọ́ lé e.

Dókítà fi aṣọ tútù di ara rẹ̀ mú, orí nìkan ló yọ lókè omi. Nípà kékeré tí àwọn aṣeékánná fi ń gé awọ ìdí èékánná ni mo lò. Eyín páfà le, ó sì ń sán. Ẹni tó bá fẹ́ gé e tán lẹ́ẹ̀kan lè sán an dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Mo bu díẹ̀ láti ṣóńṣó. Ó ró tàkì, eérún kan bí ìdajì ẹyọ ìrẹsì bọ́ sínú omi. Tàkì kejì. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú àáyá 30, a dá orí rẹ̀ padà sínú omi kó mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà kẹta, eyín òkè àti tìsàlẹ̀ pàdé ara wọn, mo sì rí ahọ́n rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bí mo ṣe gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, ìmí rẹ̀ dúró. Mo kọ orí rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, mo ń tì í síwájú nínú omi, díẹ̀díẹ̀, kí omi lè máa gba ẹnu wọlé kó sì máa gba ihò ìmí jáde. A kì í fà á sẹ́yìn. Mo ń kà lọ́kàn. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé. Mo ti ka kọjá 50 kó tó mí ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó mí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú méje, ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó sì yí ojú kan wò mí.

Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ti sọ fún ilé pé kó má ṣe já wọn láyà: ètè rẹ̀ ní egbò, oògùn ṣì wà lára rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, fóònù mi dún kí n tó fọ ojú. "Ó ti jẹ o! Ìyá Ẹlẹ́ja, ó ti jẹ!" Ekòló kékeré kan tí a ti fi omi ṣàn dáadáa ni ọmọ náà jù sí i, Abilà fà á wọlé lẹ́ẹ̀kan bí ẹni fa ewédú. Bàbá fẹ́ fún un ní mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe ju méjì lọ lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, torí ìfun tó ti ṣófo ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè gba ẹrù wúwo lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni a fún un ní ìṣáwùrú kéékèèké. Ẹ̀ẹ̀kejì tó bù ú ni karawun fọ́, a sì gbọ́ ọ láti orí àga.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ikùn ti padà yọ. Edé ò kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n tèèpo tèèpo ni, kì í sì í ṣe òun nìkan mọ́. Ọ̀pọ̀ edé tútù ní èròjà kan tí ń ba fítámì B1 jẹ́, dídì nínú fìríìsà ò sì pa èròjà náà; ẹja tó bá ń jẹ edé nìkan fún ọdún gbọọrọ lè ṣàìsàn nítorí rẹ̀ kódà bí eyín rẹ̀ bá pé. Alákàn kéékèèké, ekòló àti ìṣáwùrú ló kún un báyìí.

Ọ̀rọ̀ ìṣáwùrú gba ìṣọ́ra. Èmi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lọ ṣa á lódò fún ẹja rẹ̀. Ó lè gbé kòkòrò wọ táǹkì, oògùn oko lè wà lára rẹ̀. Àwọn ìgbín omi kéékèèké kan sì wà nínú odò wa tí wọ́n ń gbé kòkòrò tí ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ odò láti ṣà wọ́n lè kó o. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ń sin ẹja tipẹ́ la ti gba irúgbìn tiwa, a dá wọn sí bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ la ń fún ẹja. Èyí tó bá tóbi tó ojú ẹja ló mọ níwọ̀n.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe iṣẹ́ ti yí padà látìgbà náà. Bí wọ́n bá pè mí pé páfà kò jẹun, òwúrọ̀ ni mo ń lọ. Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi. Mo ju ẹyọ oúnjẹ kan sílẹ̀, mo sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oúnjẹ àti ẹnu. Ẹja tí kò tilẹ̀ bojú wò ó, omi rẹ̀, òtútù tàbí àìsàn inú ni mo ń wá. Èyí tó wá, tó wò ó, tó yí padà, bóyá kò mọ oúnjẹ náà ni, tàbí ó ti yó. Páfà tó sanra lè gbààwẹ̀ ọjọ́ mélòó kan láìsí nǹkan kan tó ṣe é. Èyí tó wá, tó gbé e, tó tu ú dànù, tó tún padà wá, ẹnu ni mo máa yẹ̀ wò kí ọwọ́ mi tó kan ìgò oògùn èyíkéyìí. Mo tún ń béèrè ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀, mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ ní ìtẹ̀léra, mo sì ń bi ará ilé tó kéré jù, nítorí òun ló máa ń jókòó síwájú gíláàsì pẹ́ jù lọ.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìṣáwùrú náà wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé Bàbá. Ọmọbìnrin yẹn ló ń mú un wọlé láràárọ̀ kó tó wọ aṣọ ilé ìwé. Yóò mú ọ̀kan, yóò gbé e mọ́ ara gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Abilà, yóò fi wọ̀n ọ́n, bó bá tóbi jù yóò dá a padà, yóò mú òmíràn.